Ibi Tí Iná Ọkọ̀ Yín Ń Balẹ̀ Sí

 Mo mọ̀ pé inú ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ yín wà báyìí. Àwọn kan wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Ògólóńtò, àwọn kan ń ti Sábó bọ̀, àwọn mìíràn sì ń múra àtiwọṣẹ́ alẹ́ ní Odógunyàn. Ọ̀rọ̀ iná iwájú ọkọ̀ ni mo mú wá lónìí. Ó kan ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ọkọ̀, ó sì kan àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn létí títì níwájú yín.

Ẹni tó bá mọ Ìkòròdú Industrial Estate mọ̀ pé ojú ọ̀nà tó ti Ìkòròdú lọ sí Ṣágámù ló wà, ní Odógunyàn, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ irin àti oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ mìíràn ti fara kanra. Ojoojúmọ́ ni tírélà ń wọ ibẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jáde. Tó bá fi máa di nǹkan bí aago méje alẹ́, ilẹ̀ ti ń ṣú, ìbáà jẹ́ ìgbà òjò, ìbáà jẹ́ ìgbà ọyẹ́. Àsìkò yẹn gan-an ni òṣìṣẹ́ ọ̀sán ń jáde, tí ti alẹ́ ń wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH náà ń sọdá títì, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ tí gbogbo wa ń pè ní Poly kí ó tó di yunifásítì ní ọdún 2022. Ọ̀kadà ń já sọ́tùn-ún, Márúwá ń já sósì, kòrópe ń dúró gbé èrò. Ó sì lè jẹ́ pé tírélà kan ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú táyà tó bẹ́, kò tan iná ẹ̀yìn, kò gbé C-caution sílẹ̀. Iná iwájú ọkọ̀ yín nìkan ló máa sọ fún yín pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò kékeré kan. Ọkọ̀ tó bá ń sá eré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń gba mítà 22 kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Kí ojú tó rí nǹkan, kí ọpọlọ tó gbà á, kí ẹsẹ̀ tó dé orí búrékì, ìṣẹ́jú-àáyá kan àti ààbọ̀ ti lọ. Mítà 33 nìyẹn, ọkọ̀ ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, pẹ̀lú táyà tó ṣì ní eyín, búrékì á tún gba bíi mítà 36 kí ọkọ̀ tó dúró pátápátá. Ẹ rò ó pọ̀, ó sún mọ́ 70 mítà. Iná dímù tó mọ́, tí wọ́n tò dáadáa, ló máa ń fi ẹni tó wọ aṣọ dúdú hàn ní nǹkan bí 50 mítà. Ìyẹn ni pé pẹ̀lú iná tó dára pàápàá, eré 80 ti pọ̀ jù fún dímù. Tí iná yín bá wá jẹ́ èyí tó ti pọ́n bí omi ẹ̀kọ, tàbí èyí tó ń tànmọ́lẹ̀ sórí igi dípò orí títì, ẹ má ṣe rò pé ẹ ń wakọ̀. Orí ń bá yín wà á ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi lálẹ́ òní kò gùn. Ìṣòro iná ọkọ̀ lójú pópó wa kì í sábà jẹ́ pé gílóòbù kò lágbára tó. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ti rà pẹ̀lú owó yín ni kì í dé ibi tó yẹ kó dé. Ìdọ̀tí àti òjò ń dá a dúró nínú gíláàsì, wáyà tó ti dípẹtà ń jẹ agbára rẹ̀ lójú ọ̀nà, tàbí kí ilé iná fúnra rẹ̀ máa darí rẹ̀ sí ojú ẹlòmíràn. Kí ẹ tó ra iná tó pọ̀ sí i, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí èyí tó wà nílẹ̀ ń balẹ̀ sí.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí ní ìsọ̀. Dẹ́rẹ́bà á dé, á ní, “Ọ̀gá ríwáyà, iná mi ò ríran mọ́ o.” Ríwáyà á ní, “Bọ̀dá mi, ẹ lọ ra 100 wáàtì wá, títì á mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán.” Wọ́n á ra á, wọ́n á fi sí i, ó sì máa mọ́lẹ̀ lóòótọ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òórùn rọ́bà jíjó á bẹ̀rẹ̀. Gílóòbù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń pè ní H4, tó wà nínú ọ̀pọ̀ dánfó, wáàtì 60 ni wọ́n ṣe é fún ní fúùlù, 55 ní dímù. Ìwọ̀n yẹn ni wọ́n fi yan wáyà rẹ̀, ìwọ̀n yẹn ni wọ́n fi yan púlọ́ọ̀gì ẹ̀yìn rẹ̀ àti ṣúwíìshì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síárìn. Wáàtì 55 ń fa iná tí kò pé ámíà márùn-ún. Wáàtì 100 ń fa ju mẹ́jọ lọ. Ẹ fi méjì ṣe é, nítorí ojú méjì ni ọkọ̀ ní, ẹ ó sì rí ìdí tí púlọ́ọ̀gì fi ń yọ́ tí ṣúwíìshì fi ń jó. Ooru rẹ̀ kò sì dá inú ilé iná sí. Ó máa ń jó awo fàdákà tó wà níbẹ̀, tí yóò fi di dúdú tàbí kó máa ṣí bí awọ ejò.

Ibi tó yẹ kí ríwáyà kọ́kọ́ wò ni ọ̀nà tí iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ gílóòbù. Kókó kan wà níbí tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọṣẹ́ ríwáyà mú dání. Bí agbára iná tó dé ẹnu gílóòbù halójìn bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í dín ní ìdá kan péré. Ó máa ń dín tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Fólìtì kan péré tó bá sọnù lójú ọ̀nà ń mú púpọ̀ lọ nínú ohun tí ojú lè rí. Nítorí náà, ẹ ṣáná sí ọkọ̀, ẹ tan iná, ẹ fi mítà wọn ẹnu bátìrì, kí ẹ sì wọn ẹ̀yìn gílóòbù pẹ̀lú. Bí bátìrì bá ń mú 14 wá, tí gílóòbù ń gba 12 péré, ẹ ti rí olè náà. Ìyàtọ̀ tó bá ti ju ààbọ̀ fólìtì lọ tó ohun tí a ń wá ìdí rẹ̀.

Ibi tí olè náà sábà máa ń fara pamọ́ sí ni wáyà earth, èyí tí wọ́n dè mọ́ ara irin ọkọ̀ nítòsí ilé iná. Bọ́ọ̀tì rẹ̀ máa ń dípẹtà. Ọkọ̀ tó bá sì ti forí gbá rí, tó lọ sọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì bítà tó sì ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ apéńtà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kun ojú ibi tó yẹ kí irin ti kan irin. Ọ̀dà kì í gbé iná. Ẹ tú bọ́ọ̀tì náà, ẹ fi sánpépà fá a títí irin á fi dán, ẹ dè é padà le dan-indan-in, kí ẹ sì fi gírísì díẹ̀ bò ó kí omi má bàa dé ibẹ̀. Iṣẹ́ tí kò ná yín lówó nìyí, mo sì ti rí i tó gba dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́ ríra ilé iná tuntun. Fún ọkọ̀ àtijọ́ tó jẹ́ pé inú ṣúwíìshì ni gbogbo iná ń gbà kọjá, ẹ bẹ ríwáyà yín kó fi rílè sí i pẹ̀lú wáyà tó nípọn tó ti ẹnu bátìrì wá, kó má sì gbàgbé fíúùsì. Owó rílè kò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ gíláàsì ló kàn. Gíláàsì la ṣì ń pè é, ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ike ni. Peugeot 504 àti àwọn dánfó Volkswagen àtijọ́ ní gíláàsì tòótọ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí tiwọn kì í fi pọ́n. Ike fúyẹ́, kì í sì tètè fọ́, ṣùgbọ́n oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ máa ń fi ohun kan bò ó lójú kí oòrùn má bàa jẹ ẹ́. Nígbà tí ìbòrí yẹn bá tán, ike á pọ́n, á wá ṣú bí ojú tí èdìdì bò. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní AAA ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ ní ọdún 2018. Wọ́n rí i pé iná tí ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fúnni ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìmọ́lẹ̀ tí tuntun ń fúnni. Ẹ ronú sí i. Ẹ san owó gílóòbù méjì, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ kò jáde nínú ilé.

Mo mọ àwọn tó ń fi ọṣẹ ìfọyín pa á. Ó máa ń dán díẹ̀ lóòótọ́, nítorí pé ọṣẹ náà ń ha á fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n láìpẹ́ ó ti padà sí bó ṣe wà, nítorí kò sí ìbòrí lórí rẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn ń fi bẹntiróò nù ún tàbí oògùn ẹ̀fọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Nǹkan wọ̀nyẹn ń jẹ ike ni, ike á wá máa la wẹ́wẹ́ láti inú. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ fi téèpù bo ọ̀dà ara ọkọ̀ yíká. Ẹ lo sánpépà olómi, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1000, ẹ lọ sí 2000, ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú 3000, kí omi máa dà lé e ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ha á. Ó máa kọ́kọ́ funfun bí èéfín, ẹ má fòyà. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi pọ́líìṣì dán an. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò ló ṣe pàtàkì jù, ìyẹn ni kílíà tí oòrùn kò lè jẹ. Tí ẹ kò bá fún un ní kílíà, ẹ ó tún ha á láìpẹ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ wo inú ilé iná. Tí awo fàdákà inú rẹ̀ bá ti dúdú tàbí tó ti ń ṣí, ẹ má fi sánpépà ṣòfò. Ilé iná náà ti kú, òmíràn lẹ ó rà.

Ibi tí ẹ bá sì ti fẹ́ ra òmíràn ni mo fẹ́ kí ẹ ti dúró gbọ́ mi dáadáa, nítorí mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ tó bó ṣe yẹ. Ọ̀pọ̀ wa ń lọ sí Ládipọ̀ ní Muṣin tàbí Owódé Onírin lójú ọ̀nà Ìkòròdú, a ń ra ilé iná tòkunbọ̀. Kò sí ohun tó burú nínú tòkunbọ̀. Ilé iná tí Toyota fúnra rẹ̀ ṣe, tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó wà ní òkè òkun, sàn ju ọ̀pọ̀ ayédèrú tuntun lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìlú tó ti wá.

Ìdí rẹ̀ rèé. Iná dímù kò tàn dọ́gba ní apá méjèèjì. Tí ẹ bá tan án sára ògiri, ẹ ó rí i pé orí ìmọ́lẹ̀ náà tẹ́jú bí ilà ní apá kan, ó sì gòkè ní apá kejì. Láti nǹkan bí ọdún 1957 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù, ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ló sì wà níbẹ̀. Apá tó tẹ́jú ni ti ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí iná má bàa gún dẹ́rẹ́bà rẹ̀ lójú. Apá tó gòkè ni ti etí títì, kí ẹ lè rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ewúrẹ́, kẹ̀kẹ́, tàbí tírélà tó bàjẹ́ síbẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọ̀tún la ń gbà, nítorí náà ọ̀tún ló yẹ kí ìmọ́lẹ̀ gòkè sí. Ní Japan àti Bìrìtìkó, òsì ni wọ́n ń gbà, òsì sì ni iná ọkọ̀ wọn ń gòkè sí.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá de ilé iná Japan mọ́ ọkọ̀ yín ní Odógunyàn. Apá tó gòkè, ojú dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ ló ń gún tààrà, bí ẹ tilẹ̀ fi sí dímù. Ó máa rò pé ẹ kò fẹ́ dímù fún òun ni, òun náà á fa fúùlù tirẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á wá di afọ́jú lójú títì kan náà. Apá ọ̀tún, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣíìfù ń rìn lọ sílé wọn, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ yín kò dé. Ẹni tó yẹ kí ẹ rí, ẹ kò rí i. Ẹni tó yẹ kó rí yín, ẹ ti gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ríwáyà bá sì tò ó títí di ọ̀la, kò lè yí i padà, nítorí inú ilé iná gan-an ni wọ́n ti ya á.

Àwọn àgbàlagbà wa á rántí pé àwa náà gba òsì rí. Ìjọba Òyìnbó ló fi í lé wa lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà ìjọba Gowon, ni gbogbo Nàìjíríà bọ́ sí ọ̀tún, kí a lè bá àwọn aládùúgbò wa dọ́gba, nítorí Benin àti Tógò tí Faransé jọba lé lórí, ọ̀tún ni wọ́n ń gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Gánà tẹ̀lé wa ní oṣù kẹjọ ọdún 1974. Síárìn ọkọ̀ bọ́ sósì, gbogbo wa sì ti mọ ìyẹn mọ́ra. Kò sẹ́ni tó máa gbà kí wọ́n ta ọkọ̀ tí síárìn rẹ̀ wà lọ́tùn-ún fún òun. Bẹ́ẹ̀ ilé iná tó jẹ́ ti irú ọkọ̀ yẹn ń wọ ara ọkọ̀ wa wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí pé ojú kì í tètè rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lórí àtẹ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹ wo ojú gíláàsì rẹ̀ fún àkọlé kéékèèké. Lórí èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù, ẹ ó rí lẹ́tà E nínú òbìrí kan. Tí ọfà bá wà nítòsí rẹ̀ tó kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀yin tí ẹ dúró tí ẹ ń wò ó, ti àwọn tó ń gba òsì nìyẹn, ẹ gbé e kalẹ̀. Tí ọfà náà bá lórí méjì, tó kọjú sọ́tùn-ún àti sósì, wọ́n ṣe é kó ṣeé lò níhà méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ríwáyà lè ní láti yí nǹkan kan nínú rẹ̀. Tí kò bá sí ọfà rárá, ti ọ̀tún ni, ẹ lè rà á. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá á ní lẹ́tà DOT lára, òun náà dára fún wa, nítorí ọ̀tún ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbà. Tí ẹ kò bá rí àkọlé tó yé yín, ẹ ní kí ọlọ́jà so ó mọ́ bátìrì, kí ẹ tan án sára ògiri tàbí pátákó. Ọlọ́jà tó bá mọ ohun tó ń tà kò ní bínú. Èyí tó bá kọ̀, ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.

N ò ní pẹ́ lórí LED. Ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe pẹ̀lú LED, bí Lexus ti kọ́kọ́ fi ṣe dímù ní 2007, kò ní ìṣòro, nítorí pé LED náà ni wọ́n ya ilé iná rẹ̀ fún. Èyí tí mo ń bá wí ni gílóòbù LED tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, tí wọ́n ń ki bọ inú ilé iná halójìn. Wáyà tín-ín-rín tó ń tàn nínú halójìn ní ibi pàtó tó gbọ́dọ̀ wà. Ibi yẹn ni awo fàdákà fi ń mọ ibi tó máa darí ìmọ́lẹ̀ sí. LED ń tàn láti ẹ̀gbẹ́ méjì ní ibi mìíràn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á wá fọ́n káàkiri. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ á rò pé òun ríran, nítorí iwájú ọkọ̀ rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ṣókùnkùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá di alẹ́ òjò, funfun aláwọ̀ búlúù yẹn á padà wá sójú rẹ̀ láti ara omi. Ẹ bá mi fi owó yẹn ra halójìn méjì tó jẹ́ ojúlówó.

Tí ẹ bá sì rà á, ẹ mọ bí a ṣe ń dè é. Ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ tutù kí ẹ tó kàn án. Ẹ má fi ọwọ́ kan gíláàsì tuntun. Òróró ọwọ́ wa ń lẹ̀ mọ́ ọn, nígbà tó bá gbóná, ibi tí òróró náà wà á gbóná ju ibòmíràn lọ, gílóòbù á sì kú láìtọ́jọ́. Ìdí rẹ̀ ni ẹ ó ti mú un, tàbí kí ẹ fi aṣọ mímọ́ dì í. Tí ọwọ́ bá kàn án, ẹ fi sípíríìtì nù ún kó gbẹ. H4 ní etí mẹ́ta tí kò dọ́gba, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà wọlé. Tí ẹ bá rí i pé ẹ ń fi tipátipá ti í, ẹ yí i padà, nítorí gílóòbù tó bá dúró wọ́ọ́gọ́ ń tan ìmọ́lẹ̀ wọ́ọ́gọ́. Rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà síbi tó wà. Àìsí rọ́bà yìí ni omi òjò fi ń kún inú ilé iná ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí mo ń rí. Ìrì díẹ̀ tó bá wà nínú rẹ̀ láàárọ̀ tó sì gbẹ lẹ́yìn tí iná bá tàn kò burú. Omi tó bá dúró sísàlẹ̀ rẹ̀ ló burú. Ẹ sì máa pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, nítorí ọjọ́ kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èkejì kò ní pẹ́ tẹ̀lé e. Ẹ fi èyí tó ṣì ń tàn pamọ́ sínú ọkọ̀ fún ọjọ́ ìdààmú.

Mo sọ èyí nítorí ọkọ̀ olójú kan. Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà tírélà àti típà, ẹ fi ọwọ́ sí àyà. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ti jáde lálẹ́ pẹ̀lú ojú kan, tí ẹ ní ẹ ó tún un ṣe tí ẹ bá dé? Ẹni tó ń bọ̀ níwájú yín kò rí tírélà o. Ọ̀kadà ló rò pé òun rí. Tó bá wá jẹ́ ojú ọ̀tún yín ló ń tàn, tí ti òsì kú, ara ọkọ̀ yín tó sún mọ́ ọn jù lọ wà nínú òkùnkùn, ibẹ̀ gan-an ló sì máa gbà. Mo bẹ̀ yín ní orúkọ àwọn ìyàwó àti ọmọ tó ń retí èèyàn nílé, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ sì rántí pé fólìtì 24 ni ti yín, gílóòbù dánfó kò lè ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Bákan náà, ẹrù tó bá wà lẹ́yìn ń gbé imú ọkọ̀ sókè, iná tó dára lófìfo á wá di èyí tó ń gún ojú nígbà tí irin bá wà lẹ́yìn. Ọkọ̀ tó bá ní bọ́tìnì tí wọ́n kọ òdo, 1, 2, 3 sí ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ìdí tí wọ́n fi ṣe é nìyẹn. Bí ẹrù bá ṣe ń wúwo sí i, ẹ máa yí i sókè sí nọ́ńbà tó tóbi, iná á wálẹ̀.

Ìjọba kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ìrìnnà FRSC, tó ti wà lójú pópó láti 1988, ní orúkọ fún ẹ̀ṣẹ̀ iná, wọ́n ń pè é ní LSV nínú ìwé ìtanràn wọn. Àwọn ayẹ̀wò ọkọ̀ VIO náà ń wò ó, àwọn ibi àyẹ̀wò LACVIS sì ní ẹ̀rọ tó ń wọn ibi tí iná balẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ kọ́ ni ìyẹn, kòtò ojú ọ̀nà wa sì lè mì ilé iná kúrò nípò rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ògiri ló máa ń sọ òótọ́ fún yín, kò sì gba owó. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ fún táyà ní atẹ́gùn tó yẹ, kí ẹnì kan jókòó sídìí síárìn, kí bọ́tìnì dáṣíbọ́ọ̀dù wà ní òdo. Ẹ kọjú ọkọ̀ sí ògiri ní mítà 5. Ẹ wọn gíga àárín iná ọkọ̀ láti ilẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà kan sí gíga yẹn lára ògiri. Ẹ fa ilà kejì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ tan dímù. Orí apá tó tẹ́jú gbọ́dọ̀ dúró lórí ilà ìsàlẹ̀ yẹn, kó sì máa gòkè lọ́wọ́ ọ̀tún. Tó bá jẹ́ mítà 10 lẹ jìnnà sí ògiri, sẹ̀ǹtímítà 10 ni ẹ ó fi sílẹ̀ láàárín. Síkúrúù méjì ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé iná, ọ̀kan fún òkè àti ìsàlẹ̀, èkejì fún ọ̀tún àti òsì. Ẹ máa fi síkúrúdíráfà yí i díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní Estate, ẹ̀yin lẹ ni ògiri tó gùn jù lọ ní Odógunyàn. Ẹ yan ibì kan nínú ọgbà yín, nítòsí géètì, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ẹ kun ilà sí ògiri rẹ̀ ní gíga tó bá oríṣi ọkọ̀ tí ẹ ń lò mu, ẹ kun òmíràn sílẹ̀ ní mítà 10, níbi tí iwájú ọkọ̀ máa dúró sí. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ jáde lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kó kọ́kọ́ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, kí ẹ̀ṣọ́ wo ojú méjèèjì, kí wọ́n tó ṣí géètì fún un. Agolo ọ̀dà kan àti ọjọ́ kan ló máa gbà. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́la, kó ní kí ríwáyà tó ń tọ́jú ọkọ̀ wọn mú mítà, ṣọ́ọ̀kì àti síkúrúdíráfà dání wá.